ÀWỌN ÌLÚ ŃLÁ AMẸ́RÍKÀ, ÀTI OHUN TÍ ÀLEJÒ LÁTI ILẸ̀ RẸ́MỌ LÈ RÍ NÍNÚ WỌN



A ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa mọ́, nítorí pé ní Ṣàgámù, ní Ìkẹ́nnẹ́, àti káàkiri ilẹ̀ Rẹ́mọ, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ní ọmọ tàbí ìbátan ní ọ̀hún, àwọn òbí sì ń lọ bẹ̀ wọ́n wò. Nígbà tí wọ́n bá padà dé, tí a sì bi wọ́n pé, "Kí ni ẹ rí?" ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ròyìn kò ju yàrá tí wọ́n sùn sí, òtútù tí ó mú wọn, ọmọ-ọmọ tí wọ́n wẹ̀, àti ilé ìtajà tí wọ́n ti ra aṣọ. Iṣẹ́ rere ni kí ìyá àgbà wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀. N kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé ènìyàn lè la òkun ńlá kọjá, kí ó lo oṣù mẹ́ta nítòsí àwọn ohun tí gbogbo ayé ń wá wò, kí ó sì padà sílé bí ẹni tí ó lọ sí abúlé kejì. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ mú yín rìn ní ìlú díẹ̀, kí n fi ohun tí ó yẹ ní wíwò hàn yín, àti èyí tí kò tó ariwo tí a ń pa lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní New York. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn wa mọ̀ pé ní ọdún 1872 ni àwọn ìlú kéékèèké ilẹ̀ Rẹ́mọ parapọ̀ sójú kan kí wọ́n lè dáàbò bo ara wọn, tí wọ́n sì di Ṣàgámù. Síbẹ̀ Òfin ń jẹ́ Òfin, Mákùn sì ń jẹ́ Mákùn títí di òní. Irú rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀ ní New York ní ọdún 1898, bí kò tilẹ̀ jẹ́ nítorí ogun: Manhattan, Brooklyn, Queens, Bronx àti Staten Island parapọ̀ lábẹ́ ìjọba ìlú kan. Bi ọmọ Brooklyn léèrè ibi tí ó ti wá, Brooklyn ni yóò kọ́kọ́ wí, gẹ́gẹ́ bí ará Mákùn yóò ti dárúkọ Mákùn kí ó tó dárúkọ Ṣàgámù.

Ẹ̀rù ìṣìnà ni ó ń mú ọ̀pọ̀ àgbà wa jókòó sílé. Ní Manhattan, kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1811 ni àwọn aláṣẹ ìlú náà fi ìlà gbọọrọ pín ilẹ̀ náà kí a tó kọ́ ilé sórí púpọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì fi nọ́ńbà sọ àwọn ojú pópó lórúkọ. Èyí tí ó lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ní nọ́ńbà tirẹ̀, èyí tí ó lọ láti gúúsù sí àríwá sì ní tirẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ oókan, eéjì, ẹẹ́ta, kò lè sọnù níbẹ̀: bí o bá wà ní òpópó 34, tí o sì ń lọ sí 54, máìlì kan ni o ní láti rìn, nítorí ogún òpópó ni ó tó máìlì kan. Broadway nìkan ni ó ń gba ìdàkejì kọjá láàárín wọn, nítorí pé ọ̀nà ẹsẹ̀ àwọn onílẹ̀ àtijọ́ ni, ó sì ti wà níbẹ̀ kí àwọn òyìnbó tó dé. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí a ṣí ní ọdún 1904 sì wà, tí ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ó dọ̀tí, ó sì ń pariwo, ṣùgbọ́n ó ń gbé ènìyàn dé ibi tí ó ń lọ.

Ní ti àwọn ilé àwòṣífìlà, gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìròyìn wọn. Empire State Building, tí a ṣí ní ọdún 1931, ní àjà 102, wọn kò sì lo ọdún méjì láti kọ́ ọ. Owó tí wọ́n ń gbà láti gùn ún dé òkè kò kéré, ẹ̀ẹ̀kan sì tó. Bí ẹ bá bi mí, afárá Brooklyn ni n ó kọ́kọ́ mú àlejò lọ, nítorí ọ̀fẹ́ ni, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ sì ní ọ̀nà tiwọn lórí rẹ̀, lókè orí àwọn ọkọ̀. Ọkùnrin tí ó ya àwòrán rẹ̀, John Roebling, kú ní ọdún 1869 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Washington Roebling, gba iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àrùn tí ń mú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú ihò ìpìlẹ̀ lábẹ́ omi sọ ọ́ di aláìlera, kò sì lè máa lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Emily ìyàwó rẹ̀ ni ó kọ́ ìṣirò àti ìmọ̀ ìkọ́lé, òun ni ó sì ń gbé àṣẹ ọkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ fún bí ọdún mẹ́wàá, títí afárá náà fi parí ní ọdún 1883. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá ìjọ rántí orúkọ obìnrin náà bí ẹ bá dé ibẹ̀.

Ère Òmìnira tí ó wà nínú omi, ẹ̀bùn àwọn ará Faransé ni, a sì ṣí i ní ọdún 1886. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo iná tí ó gbé lọ́wọ́, wọn kì í wo ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí ẹ̀wọ̀n tí ó já wà. Bí owó kò bá tó, ọkọ̀ ojú omi tí ń lọ sí Staten Island kì í gba kọ́bọ̀, ó sì ń gba iwájú ère náà kọjá. Nítòsí rẹ̀ ni erékùṣù Ellis wà, níbi tí ju mílíọ̀nù 12 àlejò ti gba àyẹ̀wò wọ ilẹ̀ náà láàárín ọdún 1892 àti 1954. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò dùn létí. Àwọn ará wa kan a máa gba físà àbẹ̀wò, wọn a sì kọ̀ láti padà nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí ohun tí kò ní í ṣe. Kò ní lè wá sin ìyá rẹ̀. Kò ní lè kọjá lára ọlọ́pàá láìsí ìjayà, wọ́n sì lè dá a padà láìròtẹ́lẹ̀, kí ó má lè padà lọ fún ọdún púpọ̀. Àwọn tí wọ́n bá sì tẹ̀lé e tọrọ físà láti ilé wa níhìn-ín ni yóò máa jìyà àìgbàgbọ́ tí ó fi sílẹ̀.

Wàyí o, mo dé ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí pẹ́. Ní ìsàlẹ̀ Manhattan, níbi tí àwọn ilé owó pọ̀ sí, ilé ìjọsìn kan wà tí a ń pè ní Trinity. Ìjọ tiwa ni, ìyẹn ni pé láti inú Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá, Ọba William Kẹta ni ó sì fún un ní ìwé àṣẹ ní ọdún 1697. (Ohun tí ó ti wà láàárín ìjọ wa ní Nàìjíríà àti ìjọ Ẹpísíkópà Amẹ́ríkà láti ọdún 2003 wá, ẹ ti gbọ́ ọ tó, n kò ní tú u ká níhìn-ín.) Ilé tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí parí ní ọdún 1846. Ó ti jẹ́ ilé tí ó ga jù lọ ní ìlú náà rí. Lónìí àwọn ilé owó ti yí i ká, ó sì kéré láàárín wọn bí ọmọdé láàárín àgbà. Díẹ̀ sí i ni Ilé Àdúrà St. Paul wà, tí a kọ́ ní ọdún 1766. Nígbà tí àwọn ilé gogoro méjì wó lulẹ̀ ní òdìkejì ọ̀nà ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, tí ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 sì ṣègbé lọ́jọ́ náà, ilé àdúrà yìí kò bàjẹ́. Fún oṣù púpọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wá òkú fi ń sùn lórí àwọn àga inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1697 kan náà tí a fún Trinity ní ìwé àṣẹ, àwọn alákòóso rẹ̀ pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ sin ènìyàn dúdú kankan nínú ọgbà ìsìnkú ìjọ náà. Níbo ni a ó wá máa sin wọ́n sí? Ẹ̀yìn odi ìlú ni, lórí ilẹ̀ àfonífojì kan tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Ibẹ̀ ni a ń sin wọ́n sí, ẹrú àti òmìnira, àgbà àti ọmọ ọwọ́, títí di òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún. Lẹ́yìn náà a da yẹ̀pẹ̀ bò ó, a kọ́ ilé lé e lórí, gbogbo ayé sì gbàgbé. Ní ọdún 1991, bí ìjọba ti fẹ́ kọ́ ilé ńlá kan síbẹ̀, egungun bẹ̀rẹ̀ sí yọ. A hú òkú 419, àwọn onímọ̀ sì ṣírò pé àwọn tí ó wà nínú ilẹ̀ náà lè tó 15,000. Àwọn ènìyàn dúdú ìlú náà dìde, wọ́n ní kí a dá iṣẹ́ dúró. A gbé àwọn egungun lọ sí Yunifásítì Howard ní Washington láti yẹ̀ wọ́n wò, ní ọdún 2003 sì ni a tún wọn sin pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nínú pósí tí a fi igi gbẹ́ ní ilẹ̀ Ghana.

Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin àgbàlagbà kan. A ti fi ayùn pa eyín rẹ̀ lárà gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ní ilẹ̀ Áfíríkà láyé àtijọ́, ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ju 100 lọ sì wà ní ìbàdí rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, n kò ní láti túmọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí fún yín. A mú obìnrin yìí kúrò nílé rẹ̀, a gbà á lọ́wọ́ ìyá àti bàbá rẹ̀, a gba èdè rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ìjọ tí ń ka Bíbélì kan náà tí à ń kà sì kọ̀ fún un ní ibi tí yóò sùn sí. Síbẹ̀ ẹnì kan tí ó fẹ́ràn rẹ̀ rí i dájú pé a kò tú ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kí a tó gbé e sínú ilẹ̀. Ibi ìrántí náà wà níbẹ̀ ní gbangba, ọ̀fẹ́ sì ni. N kò tíì bá ọmọ Rẹ́mọ kan pàdé tí ó sọ fún mi pé òun ti dé ibẹ̀.

Èmi yóò wí ohun kan nítorí èyí. Àwọn ọmọ wa kan ní Amẹ́ríkà a máa pe àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n bá níbẹ̀ ní akátá, orúkọ ẹranko igbó, àwọn òbí a sì gbé ọ̀rọ̀ náà wá sílé bí ohun ẹ̀rín. Ilẹ̀ ìhà tiwa yìí mọ òwò ẹrú. Ọ̀nà tí ó ti òkè wá sí etí ọ̀sà ni à ń gbé, àwọn baba wa sì mọ iye tí ènìyàn ń jẹ́ lọ́jà. Ọmọ ẹni tí a tà ni a ń fi ẹranko pè. Kí ẹni tí ó bá ń wí i dúró ní ẹ̀gbẹ́ ibojì yẹn, kí ó sì wí i níbẹ̀ bí ó bá lè ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ni kí a má sì gbàgbé pé nítorí ìyà tí àwọn ènìyàn yẹn jẹ ni àwa fi ń rìn fàlàlà ní àwọn ìlú náà. Nígbà tí Mójọlá Àgbébí lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1903, àti nígbà tí Nnamdi Azikiwe lọ kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ní ọdún 1925, ilé oúnjẹ àti ilé ìsùn púpọ̀ ni kò ní gba ènìyàn dúdú wọlé. Láti ọdún 1936 ni Victor Green, ọkùnrin dúdú kan tí ń ṣe iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ tí ó sì ń gbé ní Harlem, ti ń tẹ ìwé kan jáde lọ́dọọdún, tí ó kó orúkọ ilé ìsùn àti ilé oúnjẹ tí ènìyàn dúdú lè wọ̀ láìsí ìtìjú jọ. Àlejò pàápàá kò bọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1957, Komla Gbedemah, mínísítà ètò ìṣúná ilẹ̀ Ghana, yà sí ilé oúnjẹ kan ní ìpínlẹ̀ Delaware láti mu omi ọsàn. Wọ́n ní àwọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè jókòó mu ún níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ìròyìn káyé, Ààrẹ Eisenhower sì pè é wá jẹun òwúrọ̀ ní Ilé Funfun. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn dúdú tí kì í ṣe mínísítà, ta ni ó pè é jẹun? Òfin ọdún 1964 ni ó ṣí ilẹ̀kùn wọ̀nyí, ẹ̀jẹ̀ sì ti ṣàn kí ó tó ṣí.

Láti New York dé Philadelphia kò ju máìlì 100 lọ, ọkọ̀ ojú irin a sì máa dé ibẹ̀ kí ènìyàn tó sùn lọ. Níbẹ̀ ni a ti kéde òmìnira Amẹ́ríkà ní ọdún 1776, níbẹ̀ ni agogo tí ó sán wà, tí a kọ ọ̀rọ̀ Léfítíkù orí 25, ẹsẹ 10 sí lára. Gbogbo àlejò ni ó ń wò ó. Kí wọ́n wo ilẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú: orí rẹ̀ ni ilé tí Ààrẹ Washington gbé wà, ó sì kó ẹrú mẹ́sàn-án síbẹ̀.

Ní ìlú yìí kan náà ni Absalom Jones gbé. A bí i sóko ẹrú ní ọdún 1746. Ó ṣiṣẹ́ òru, ó sì fi owó rẹ̀ ra òmìnira ìyàwó rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó rí òmìnira gbà ní ọdún 1784, kí a lè bí àwọn ọmọ wọn ní òmìnira. Òun àti Richard Allen ń jọ́sìn pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ funfun ní ilé ìjọsìn Mẹ́tọ́díìsì kan, títí di ọjọ́ tí a fà wọ́n dìde lórí eékún wọn níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà, pé àyè wọn kọ́ nìyẹn. Wọ́n bá jáde. Nígbà tí ibà apọ́njú sì ń pa ará ìlú ní ọdún 1793, tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń sá lọ, àwọn méjì yìí ni ó kó àwọn ènìyàn dúdú jọ láti tọ́jú aláìsàn àti láti sin òkú. Jones dá ìjọ St. Thomas sílẹ̀, ìjọ Ẹpísíkópà gbà á ní ọdún 1794, a sì fi í jẹ díákónì ní ọdún 1795, lẹ́yìn náà ó di àlùfáà. Ẹ fi èyí wé Àjàyí Crowther tiwa, tí a fi jẹ àlùfáà ní ọdún 1843. Ní ti Allen, ilé ìjọsìn rẹ̀ tí a ń pè ní Bethel ṣì wà lórí ilẹ̀ tí ó rà, ibojì rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó díẹ̀. Iye tí a kọ sára ọjà kọ́ ni ẹ ó san ní ìlú púpọ̀. Owó orí yóò kún un nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń gba owó. Ní ilé oúnjẹ, ẹni tí ó gbé oúnjẹ fún yín ń retí 15 sí 20 nínú 100 iye owó náà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ inú rere, nítorí ara owó iṣẹ́ rẹ̀ ni. Àgbà wa kan rò pé ọmọ náà ń ṣagbe. Kò ṣagbe.

Washington ni ìlú tí ó dára jù fún ẹni tí kò lówó, nítorí pé àwọn ilé ìkóhun ìṣẹ̀ǹbáyé sí tí ìjọba ń tọ́jú níbẹ̀ kì í gba owó ìwọlé. Ẹ ó rí òpó òkúta tí a gbé kalẹ̀ fún Ààrẹ àkọ́kọ́, 555 ẹsẹ̀ bàtà ni gíga rẹ̀. Ẹ ó sì rí ilé ìrántí Lincoln, níbi tí Martin Luther King ti sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1963. Láàárín àwọn òkúta funfun wọ̀nyí ni ilé kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí idẹ, tí ó gbòòrò sókè ní ìpele mẹ́ta bí ẹni pé a to adé lé adé. Ilé ìtàn àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ni, a ṣí i ní ọdún 2016. David Adjaye, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ghana, ni ó jẹ́ olórí àwọn tí ó ya àwòrán rẹ̀, kò sì fi pa mọ́ ibi tí ó ti rí ìrísí náà: lára òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ní àárín olú-ìlú Amẹ́ríkà, ohun tí agbẹ́gilére Yorùbá kan fi ọwọ́ rẹ̀ gbẹ́ ni a fi ṣe àwòkọ́ ilé ńlá náà.

Ní Atlanta, èmi yóò sọ̀rọ̀ kúkúrú. Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣàìdé ilé tí a bí Dókítà King sí àti ilé ìjọsìn Ebenezer. Àwọn ọmọdé yóò fẹ́ lọ sí ilé tí a ń fi ìtàn Coca-Cola hàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ, kí ẹ sì sọ fún wọn pé obì ni ìdajì orúkọ náà: nígbà tí John Pemberton po ohun mímu náà ní ọdún 1886, omi obì wà nínú rẹ̀. Àwa tí à ń di obì ní Sábó Ṣàgámù fún àwọn Haúsá ti mọ agbára rẹ̀ tipẹ́.

Chicago ni n ó fi parí ìrìn wa. Iná jó ìlú náà ní ọdún 1871, ó sọ nǹkan bí 100,000 ènìyàn di aláìnílé, lórí eérú náà sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ilé àwòṣífìlà àkọ́kọ́ ní ayé. Odò tí ń gba àárín ìlú kọjá ń gbé ẹ̀gbin lọ sínú adágún tí wọ́n ti ń mu omi. Ní ọdún 1900 wọ́n gbẹ́ ipadò, wọ́n sì yí odò náà padà kí ó lè ṣàn kúrò lọ́dọ̀ adágún náà. Mo dúró lórí afárá, mo sì ń wò ó bí ó ti ń ṣàn lọ síbi tí Ọlọ́run kò kọ́kọ́ dá a láti lọ.

Ní ilé iṣẹ́ ọnà ìlú náà, níbi tí kìnnìún idẹ méjì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, òpó kan wà tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ láàárín ọdún 1910 àti 1914 fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọba jókòó, ẹyẹ sì bà lé orí adé rẹ̀. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga ju ọba lọ dáadáa, ó gbé ọwọ́ lé ìtẹ́, bí ẹni pé òun ni ó dì í mú kí ó má ba à ṣubú. Ilẹ̀kùn ààfin kan náà ti lọ sí London ní ọdún 1924 fún àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe, kò sì padà. Ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún ọba. Èmi ti rí àwọn òyìnbó tí wọ́n jókòó sí iwájú òpó yìí pẹ̀lú ìwé àti ọ̀dà, tí wọ́n ń yà á fún wákàtí kan. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ níhìn-ín, mo ti rí òpó ilé àtijọ́ tí a là fi dáná lẹ́yìn tí a wó ilé náà láti kọ́ ilé alájà méjì. Àwọn ìdílé díẹ̀ ṣì ní tiwọn. Mo mọ ọ̀kan ní Ṣàgámù àti ọ̀kan ní ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́, mo sì ń bẹ àwọn olórí ẹbí náà, bí wọ́n bá wà níhìn-ín lálẹ́ yìí, pé kí wọ́n jẹ́ kí a wá ya fọ́tò wọn kí òjò ọdún yìí tó dé.

Alága, àkókò tí ẹ fún mi ti pé. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, tàbí tí ó ń múra láti lọ tí ó sì fẹ́ kí n kọ ọ̀nà àwọn ibi wọ̀nyí sílẹ̀ fún òun, mo wà níhìn-ín.